Síkírúù, bẹ́líìtì, ṣéènì àbí irin eléyín: èwo ló yẹ kó máa wa apá gígùn CNC tẹ́ ẹ fẹ́ fọwọ́ ara yín kàn?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pọ̀ tí wọ́n ń bi mí ní ìbéèrè yìí, àwọn kan á wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Ikorodu, àwọn mìíràn á pè láti Epe tàbí Badagry, ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ kan CNC tó máa gba odidi plywood, ballscrew wo ni kí n rà?" CNC ni ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí láti gé tàbí gbẹ́ pákó, ballscrew sì ni síkírúù tí bọ́ọ̀lù irin kéékèèké ń yí nínú nọ́ọ̀tì rẹ̀. Wọ́n ti gbà lọ́kàn wọn pé ballscrew ni, ìwọ̀n rẹ̀ nìkan ló kù. Èmi náà ronú báyẹn nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ó sì gbówó lọ́wọ́ mi, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ eléyìí látòkè délẹ̀.

CNC tí mo kọ́kọ́ kàn, ballscrew 16 mm ni mo fi sí apá gígùn rẹ̀, ó gùn tó mítà méjì àbọ̀, lead rẹ̀ jẹ́ 5 mm, ìyẹn ni pé tó bá yí lẹ́ẹ̀kan ó máa rin 5 mm. Tí mo bá fọwọ́ yí i, ó ń yọ̀ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ bí ẹni fi òróró pa á, inú mi dùn gan-an. Mo gbé ìlẹ̀kùn ọ̀gánwó kan sórí ẹ̀, Alhaja kan ló ní kí n gbẹ́ òdòdó sí i lára, mo ní kí máṣíìnì máa sáré ní 3000 mm láàrin ìṣẹ́jú kan. Kò tíì dé ìdajì tábìlì tí àárín síkírúù yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, díẹ̀díẹ̀ ló kọ́kọ́ ń ṣe é, nígbà tó yá ó wú lójú bí okùn táwọn ọmọdé fi ń fò, ó ń lu férémù gbì-gbì-gbì, ọmọṣẹ́ mi ti fò sẹ́yìn. Kí n tó tẹ bọ́tìnnì pupa, stepper, ìyẹn motor tó ń yí síkírúù ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀, ti ṣi ìrìn, òdòdó tó yẹ kó wà ní àárín gbùngbùn ìlẹ̀kùn ti sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìbú ìka méjì. Pákó ọ̀gánwó mìíràn ni mo lọ rà fún Alhaja.

Síkírúù yẹn ò bàjẹ́ o, ojúlówó ni. Gígùn ló pa á. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú nínú gbogbo ohun tí mo máa sọ nìyẹn: nǹkan tó ń ṣe dáadáa lórí máṣíìnì kékeré, gígùn lè sọ ọ́ di nǹkan mìíràn, àti pé ọ̀nà tí gígùn ń gbà ba síkírúù jẹ́ yàtọ̀ sí èyí tó ń gbà ba bẹ́líìtì jẹ́, irin eléyín nìkan ni gígùn ò rí ṣe.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ iṣẹ́ yín sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀

Ẹ mú bírò àti pépà. Kí lẹ máa gé, báwo ló ṣe gùn tó, báwo lẹ ṣe fẹ́ kó yára tó, àṣìṣe tó kéré báwo lẹ lè fara mọ́. Ẹ má fò ó.

Lórí gígùn, plywood tá a ń pè ní 8 by 4 jẹ́ 2440 mm ní gígùn, 1220 mm ní ìbú. Ọ̀pọ̀ èèyàn á wá kan máṣíìnì tó máa rin 2440 géérégé, wọ́n á wá rí i pé bíìtì, ìyẹn irin ẹlẹ́nu tó ń gé pákó, ò lè jáde kúrò létí pákó, kò sí ibi tí wọ́n á fi nǹkan dì í mú sí, kò sì sáyè fún súwíìṣì tó ń sọ fún máṣíìnì pé ó ti dé ìpẹ̀kun. Ìrìn yẹn gbọ́dọ̀ tó bíi 2550. Afárá tó gbé router, ẹ̀rọ tó ń yí bíìtì, náà ní ìbú tirẹ̀, tó bá jẹ́ 250 mm, ẹ ti ń sọ̀rọ̀ irin tó gùn tó 2800 nìyẹn. Gígùn tó pé yìí lẹ máa fi ṣe gbogbo ìṣirò, kì í ṣe ti plywood.

Lórí spídì, ibí yìí ló yẹ kẹ́ ẹ dúró díẹ̀, torí àwọn èèyàn máa ń rò pé spídì kékeré ò ṣe nǹkan kan ju pé iṣẹ́ á pẹ́. Rárá o. Bíìtì 6 mm ẹlẹ́nu méjì tó ń yí ìgbà 18,000 láàrin ìṣẹ́jú kan, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ẹnu kọ̀ọ̀kan máa bu pákó 0.1 mm jẹ, ẹ sọ 18,000 di ìlọ́po méjì, kẹ́ ẹ wá fi 0.1 sọ ọ́ di púpọ̀, 3600 mm láàrin ìṣẹ́jú kan ni yóò fún yín. Tí máṣíìnì yín ò bá lè sáré ju 1500 lọ, ẹnu bíìtì ò ní gé pákó mọ́, yóò máa ha á ni, pákó á dúdú, ilé á kún fún èéfín, bíìtì tẹ́ ẹ rà lówó ńlá á kú lọ́jọ́ méjì. Ẹ lè dín yíyí router kù lóòótọ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ router táwa káfíńtà ń lò kì í lọ sílẹ̀ púpọ̀.

Ní ti àṣìṣe, ìlẹ̀kùn àti orí bẹ́ẹ̀dì, 0.2 sí 0.3 mm ò lè hàn sí ẹnikẹ́ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ máa to pákó aláwọ̀ méjì sínú ara wọn, ẹ nílò bíi 0.1. Irin àti aluminium le ju ìyẹn lọ, àmọ́ èmi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó fi máṣíìnì mítà méjì àbọ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ jó bẹ̀rẹ̀ irin gígé.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ṣírò síkírúù, bóyá ẹ máa rí i pé kò ṣeé ṣe

Gbogbo irin gígùn tó ń yí ló ní iye tó lè yí dé kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fì láàárín. Ohun méjì ló ń pinnu ẹ̀ jù: bí inú síkírúù ṣe nípọn tó, ìyẹn ìsàlẹ̀ kọ́rọ́ rẹ̀, kì í ṣe òkè, àti gígùn rẹ̀. Gígùn yìí ló burú, torí tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, iye tó lè yí á wálẹ̀ sí ìdá mẹ́rin. Ọ̀nà ìṣirò rẹ̀ rèé fún síkírúù tí bíárìn dì mú gírígírí lápá kan, tí wọ́n kàn gbé apá kejì lé bíárìn: ẹ mú 15.1, ẹ fi ìnípọn inú síkírúù ní mm sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ tún fi 10,000,000 sọ ọ́ di púpọ̀, kẹ́ ẹ wá fi gígùn ní mm, tẹ́ ẹ ti fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀, pín in. Ààbò ti wà nínú 15.1 yẹn.

Ballscrew 16 mm, inú rẹ̀ jẹ́ bíi 13. Tó bá gùn tó 2500 mm, yóò fún yín ní bíi 314. Ìgbà 314 láàrin ìṣẹ́jú kan, ní lead 5 mm, 1570 mm láàrin ìṣẹ́jú kan lẹ lè rìn mọ. Èmi ní kó rìn 3000, ìyẹn ni pé kó yí ìgbà 600! Ẹ ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìlẹ̀kùn Alhaja.

Ẹnì kan á ní kí n wá lo 25 mm. Òun náà, inú rẹ̀ tó bíi 22, bíi 530 ló máa fún yín, ní lead 5 ó jẹ́ 2650. Tí lead bá jẹ́ 10 ẹ lè dé bíi 5000, àti lórí pépà ó ti tó. Àmọ́ ẹ gbé síkírúù yẹn dání kẹ́ ẹ rí i: mítà méjì àbọ̀ irin tó nípọn tó 25 mm máa ń wọ̀n tó kílò mẹ́sàn-án ààbọ̀, gbogbo kílò yẹn ni motor gbọ́dọ̀ máa yí bẹ̀rẹ̀, kó tún máa dá dúró, ní gbogbo igun tí bíìtì bá yà. Ìwúwo yíyí rẹ̀ fi bí ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ju ti inú motor NEMA 23 (ìwọ̀n stepper tó wọ́pọ̀) fúnra rẹ̀ lọ. Agbára tẹ́ ẹ rà láti fi gé pákó, síkírúù ló máa jẹ ẹ́. Ó sì tún máa ń tẹ̀ sílẹ̀ láàárín nítorí ìwúwo ara rẹ̀, ti 16 mm tèmi yẹn, nígbà tí mo gbé orí rẹ̀ méjèèjì lé búlọ́ọ̀kù, àárín rẹ̀ wálẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, ojú lásán rí i.

Ọ̀nà kan wà tí wọ́n máa ń gbà yẹra fún fífì yìí: wọ́n á de síkírúù mọ́lẹ̀ lápá méjèèjì, wọ́n á fà á le, nọ́ọ̀tì ni wọ́n á wá jẹ́ kó máa yí, motor á gun orí afárá. Ó ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ ilé bíárìn tí nọ́ọ̀tì máa jókòó sí gba tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ fá irin, tó mọwọ́ gidi, owó rẹ̀ sì máa ń sún mọ́ ti irin eléyín.

Síkírúù olókùn tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù irin, èyí tí wọ́n fi ń de nǹkan mọ́ òrùlé, ẹ fi sílẹ̀ jọ̀ọ́. M12 ń rin 1.75 mm lẹ́ẹ̀kan tó bá yí, ìgbà tó lé ní 1700 ló gbọ́dọ̀ yí láàrin ìṣẹ́jú kan kẹ́ ẹ tó rí 3000.

Àmọ́ ẹ má gbé ballscrew jù sẹ́yìn o. Ní ìbú máṣíìnì kan náà, níbi tí síkírúù ò ju 1300 mm lọ, ti 16 mm yẹn lè yí tó ìgbà 1160, ìyẹn 5800 mm láàrin ìṣẹ́jú kan. Ibẹ̀ ni mo gbé tèmi lọ, mo ní kí tọ́nà kan ní Odogunyan gé e, kó sì tún orí rẹ̀ fá, ó wà níbẹ̀ dòní. Apá tó ń lọ sókè sódò náà, síkírúù ni kẹ́ ẹ lò, torí nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, síkírúù tí lead rẹ̀ kéré ò ní jẹ́ kí router já lulẹ̀ gbàgà bí bẹ́líìtì ṣe máa ṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹta: bẹ́líìtì, ẹ fà á wò

Bẹ́líìtì kì í fì, kì í wúwo, kì í pariwo, ó sì rọrùn láti rí. Àìsàn tirẹ̀ ni pé ó ń fà. Bẹ́líìtì tó gùn ní ìlọ́po méjì máa fà ní ìlọ́po méjì lábẹ́ agbára kan náà, èyí tó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì máa fà ní ìdajì. GT2 6 mm, bẹ́líìtì tín-ín-rín tó wà nínú máṣíìnì 3D kékeré, kì í ṣe fún router mítà méjì àbọ̀, ó dà bí ìgbà tẹ́ ẹ fi rọ́bà wá fa ọkọ̀. Tẹ́ ẹ bá máa lo bẹ́líìtì, ẹ wá HTD 5M, irú èyí tí àárín eyín rẹ̀ jẹ́ 5 mm, tó ní wáyà irin nínú, kó fẹ̀ tó 15 mm, tó bá tó 25 ó sàn jù. Ẹ tẹ́ ẹ lélẹ̀ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, ẹ dì í mú lápá méjèèjì, kí motor gun orí afárá pẹ̀lú róólà méjì tó ń ti bẹ́líìtì mọ́ púlì kó lè gba eyín púpọ̀ mú, ó kéré tán eyín mẹ́fà.

Bẹ́ ẹ ṣe máa dán an wò rèé, mo sì bẹ̀ yín kẹ́ ẹ ṣe é kẹ́ ẹ tó kun férémù. Ẹ gbé afárá dé àárín gbùngbùn, torí ibẹ̀ ni bẹ́líìtì tí wọ́n dì lápá méjèèjì ti máa ń rọ̀ jù. Ẹ tan motor kó dì ara rẹ̀ mú. Ẹ fi dial gauge, aago tó ń wọn ìsún bíńtín, ti afárá, kẹ́ ẹ wá mú sìkéèlì oníkọ́ táwọn tó ń rìnrìn àjò fi ń wọn báàgì, ẹ fi kọ́ afárá, ẹ fà á dé kílò márùn-ún, ìyẹn bí agbára tí bíìtì 6 mm lè fi ti pákó líle. Iye tí dial gauge bá sọ, àṣìṣe tẹ́ ẹ máa máa rí lára iṣẹ́ nìyẹn. Tó bá ju 0.3 lọ, ẹ fẹ bẹ́líìtì sí i.

Àwọn kan máa ń lẹ bẹ́líìtì kan mọ́ férémù, eyín sókè, wọ́n á wá jẹ́ kí bẹ́líìtì kejì wọ inú eyín ti àkọ́kọ́, tí yóò kàn ṣí sókè níbi tí motor wà nìkan. Bẹ́ẹ̀ ni gígùn tó lè fà á kéré gan-an ní ibikíbi tí afárá bá wà. Ọgbọ́n gidi ni, mo ti fọwọ́ kan èyí tí ọ̀rẹ́ mi kan ṣe, ó le dáadáa, àmọ́ lẹ́búlẹ́bú pákó máa ń wọ àárín bẹ́líìtì méjèèjì, ẹ nílò búrọ́ọ̀ṣì níwájú àti lẹ́yìn.

Fún laser, fún fóòmù gígé, fún ẹ̀rọ tó kàn ń fi bírò yàwòrán, bẹ́líìtì ni mo máa sọ láì ronú lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣéènì ńkọ́? Èyí á yára. Ṣéènì kẹ̀kẹ́ àti 428 ti ọ̀kadà, 12.7 mm ló wà láàrin ojú kan sí èkejì, ó pọ̀ lọ́jà, kò wọ́n. Àmọ́ ṣéènì kì í yí bí òbìrìkítì, igun igun ló fi ń yí: lórí jíà eléyín 14, spídì máa ń lọ sókè sódò ní bíi 2.5% ní gbogbo ojú ṣéènì tó bá wọlé, ó sì máa ń hàn lára pákó bí ìgbì kéékèèké. Bí ó bá sì ṣe ń jẹ ló ń gùn sí i, ohun tẹ́ ẹ ṣètò lóṣù yìí ò ní pé mọ́ lóṣù tó ń bọ̀. Ẹni tó fẹ́ fi plasma, ẹ̀rọ tó ń fi iná gé irin, gé irin géètì lè lò ó, torí plasma ò ti nǹkan kan. Káfíńtà má ṣe é.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: irin eléyín, òun lèmi ń lò

Irin eléyín ni rack, jíà kékeré tó ń rìn lórí ẹ̀ ni pinion. Ẹ wò ó dáadáa: jíà yẹn, eyín kan tàbí méjì péré ló ń bá irin pàdé, bóyá afárá wà ní mítà kìíní ni o, bóyá ó wà ní mítà kẹwàá. Kò sí nǹkan gígùn tó ń yí, kò sí nǹkan gígùn tó ń fà. Ìdí tí mo fi ní gígùn ò rí i ṣe nìyẹn. Ẹ lè so ó pọ̀ títí ẹ fi dé Ẹbúté, etí omi Ikorodu.

Ìwọ̀n eyín ni wọ́n ń pè ní module. Module 1, àárín eyín kan sí èkejì jẹ́ 3.14 mm. Module 1 tàbí 1.25 tó fún router wa, 1.5 fún máṣíìnì tó wúwo. Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí torí ó ti ṣẹlẹ̀: ẹ máa rí irin eléyín tí wọ́n ń tà fún géètì tó ń fúnra rẹ̀ ṣí, ó wà lọ́jà níbi, owó rẹ̀ sì dùn. Module 4 ni ìyẹn, àárín eyín rẹ̀ ju 12 mm lọ, wọn ò fi máṣíìnì gé e dáadáa, àyè tó wà láàrin eyín àti jíà máa ń tó kẹ́ ẹ fi ojú rí i. Géètì ni wọ́n ṣe é fún, kó wà lára géètì.

Ẹ máa rà á ní ègé ègé tó tó mítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ibi tí ègé méjì ti pàdé ló máa ń ba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ jẹ́. Ẹ má fojú wọ̀n ọ́n. Ẹ mú ègé kékeré kan lára irin eléyín yẹn kan náà, ẹ dojú eyín rẹ̀ bolẹ̀ sórí ibi tí méjèèjì ti pàdé, kí eyín rẹ̀ wọ inú ti ègé ọ̀tún àti ti òsì, ẹ fi kíláàǹpù fún un pọ̀ gírí, ìgbà yẹn lẹ tó máa gbẹ́ ihò, kẹ́ ẹ tó dè é. Tí àlàfo bíńtín bá wà láàrin ìdí wọn, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, eyín ló gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu, kì í ṣe ìdí.

Ẹ dojú eyín kọlẹ̀ tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́, má jẹ̀ẹ́ kó kọjú sókè láé. Èyí tó kọjú sókè á máa gba lẹ́búlẹ́bú bí àwo, jíà á wá máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí á fi le bí bíríkì nínú kọ́rọ́ eyín, afárá á sì máa fò sókè ní gbogbo ibi tó bá ti kọjá.

Jíà náà, ẹ má de motor rẹ̀ mọ́ férémù pinpin. Ẹ jẹ́ kí pátákó irin tó gbé motor lè yí lórí bóòtì kan, kí sípíríìngì máa fà á kí jíà wọ inú eyín ní gbogbo ìgbà. Bẹ́ẹ̀ ni kò ní sáyè láàrin eyín, tí irin bá sì ní ibi tó ga ju ibòmíì lọ díẹ̀, jíà á bá a lọ. Sípíríìngì yẹn gbọ́dọ̀ le ju ohun tẹ́ ẹ rò lọ, torí tí afárá bá sáré dúró, eyín máa ń fẹ́ ti jíà jáde.

Férémù ńkọ́? Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tá a jó tèmi. Wẹ́dà wa jó páìpù onígun mẹ́rin tán, ó fi square wò ó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti tọ́, ẹ gbé e lọ." Mo ní, "Ọ̀gá wẹ́dà, ẹ jẹ́ ká fi okùn bíríkìlà wò ó ná." A fà á láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, a fi ègé irin kan náà gbé okùn kúrò lára páìpù lápá méjèèjì, mo wá ń fi caliper wọn àlàfo rẹ̀ ní gbogbo ìdajì mítà. Lápá orí ó jẹ́ 10 mm, láàárín ó ti di 13 ààbọ̀. Iná wẹ́dì ti fa páìpù yẹn wọ́ ní milímítà mẹ́ta ààbọ̀, square ò lè rí ìyẹn. Ọkùnrin náà wò ó títí, ó ní, "Ha, iná ló ṣe é o." Òun náà ló tún un ṣe: ó jó o díẹ̀díẹ̀ lódì kejì, ó ń jẹ́ kó tutù, à ń wọ̀n ọ́n, odidi ọ̀sán ni. Ìyókù, pẹ́ẹ̀ṣì irin tín-ín-rín la fi sí abẹ́ rélì. Látìgbà náà, tí wọ́n bá ń jó férémù fún mi, mo máa ń ní kí wọ́n jó inṣi kan níbí, inṣi kan lọ́hùn-ún, kí wọ́n má jó o lọ láì dúró.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ má so jíà mọ́ motor tààrà

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ní irin eléyín ò dáa. Jíà module 1 eléyín 20, tó bá yí lẹ́ẹ̀kan, 62.83 mm ló rìn. Stepper ní ìgbésẹ̀ 200 nínú yíyí kan, ìgbésẹ̀ kan wá jẹ́ 0.31 mm. Ó tóbi jù. Driver, ẹ̀rọ tó ń fún motor níná, lè pín ìgbésẹ̀ yẹn sí wẹ́wẹ́, àmọ́ pípín yẹn kì í fi agbára kún un, ó kàn ń jẹ́ kó rìn jẹ́jẹ́ ni.

Ẹ fi bẹ́líìtì kékeré àti púlì sí àárín wọn: púlì eyín 15 lára motor, eyín 60 lára ọ̀pá tó gbé jíà. Motor yí ẹ̀ẹ̀mẹrin, jíà yí ẹ̀ẹ̀kan. Bẹ́líìtì yìí kúrú, fífà rẹ̀ ò tó nǹkan. Yíyí motor kan ti wá di 15.7 mm, agbára di ìlọ́po mẹ́rin. Tí driver bá pín ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí 8, iye ìgbésẹ̀ fún mm kan jẹ́ 200, ìlọ́po 8, ìlọ́po 4, kẹ́ ẹ fi 62.83 pín in: 101.86. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri.

Ẹ jẹ́ ká wo bóyá motor máa lè gbé e. Afárá àti router jọ wọ̀n tó 30 kílò, ẹ fẹ́ kí spídì rẹ̀ máa fi mítà 1 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan lé sí i ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, ìyẹn gba newton 30 (newton ni ìwọ̀n agbára títì). Pákó gígé, ẹ fún un ní 100. Àpapọ̀ jẹ́ 130. Jíà yẹn, àárín rẹ̀ sí eyín jẹ́ 10 mm, ó wá jẹ́ 1.3 Nm (ìwọ̀n agbára yíyí) lára jíà, bíi 0.33 Nm lára motor nígbà tí púlì ti pín in. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sáré 6000 mm láàrin ìṣẹ́jú kan, motor á máa yí ní ìgbà 382. NEMA 23 tí wọ́n kọ 2 tàbí 3 Nm sí lára, pẹ̀lú driver tó gba 36 volt, ń ṣe ìyẹn láì ké. Àmọ́ ẹ rántí pé nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ara motor jẹ́ ti ìgbà tó dúró sójú kan, bó bá ṣe ń yára sí i ló ń rẹ̀ ẹ́, nítorí náà ẹ má rà á ní ìwọ̀n géérégé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: motor méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì

Afárá tó fẹ̀ tó mítà kan ààbọ̀, tẹ́ ẹ bá fà á lápá kan ṣoṣo, yóò máa rìn bí akàn. Irin eléyín méjì, motor méjì, driver méjì. Àwọn sọ́fítíwíà tó ń darí CNC, bíi LinuxCNC, grblHAL àti FluidNC, lè wa motor méjì gẹ́gẹ́ bí apá kan ṣoṣo, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní súwíìṣì tirẹ̀, tó fi jẹ́ pé nígbà tí máṣíìnì bá ń wá ilé, ìyẹn ibi tó ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n, apá kọ̀ọ̀kan á dúró síbi tirẹ̀, afárá á sì tọ́.

Ọ̀rọ̀ iná wọ ibẹ̀ o. Ẹ mọ̀ bí wọ́n ṣe ń mú u lọ níbi. Tí iná bá lọ láàrin iṣẹ́, irin eléyín ò ní di nǹkan kan mú, ẹnikẹ́ni tó bá fara kan afárá lè ti apá kan ju èkejì lọ. Ẹ de irin méjì mọ́ ìpẹ̀kun máṣíìnì, kó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ti afárá gbún wọn, ó ti tọ́. Kẹ́ ẹ tó tan motor padà lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yí jẹnẹrétọ̀, ẹ tì í gbún wọn ná, lẹ́yìn náà kó wá ilé rẹ̀ fúnra rẹ̀, kẹ́ ẹ tó máa bá iṣẹ́ lọ.

Lórí ìdọ̀tí: MDF, pákó tí wọ́n fi igi lílọ̀ tẹ̀ pọ̀, burú ju pákó lásán lọ, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ máa ń pò mọ́ gíríìsì di amọ̀. Ẹ má fi gíríìsì tó ki sí irin eléyín, ọ́ìlì fẹ́ẹ́rẹ́ lórí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín atijọ́ ti tó, lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà tó ń fẹ́ láti Ẹbúté máa ń mú irin dípẹtà kíákíá, tẹ́ ẹ bá máa pa máṣíìnì tì fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ nù ún, ẹ fi ọ́ìlì pa á. Ẹ sì fi nǹkan bo imú yín nígbà tẹ́ ẹ bá ń gé MDF, ẹ̀yin àti ọmọṣẹ́ yín, lójoojúmọ́.

Ìgbésẹ̀ keje: wíwọ̀n

Ẹ kọ́kọ́ wá àyè tó wà láàrin eyín. Dial gauge sí afárá, ẹ ní kó rin 1 mm síwájú, 1 mm sẹ́yìn. Tí kò bá padà síbi tó wà, ẹ fún sípíríìngì le sí i, ẹ yẹ bóòtì kékeré tó de jíà mọ́ ọ̀pá wò, torí nínú mẹ́wàá tí mo ti rí, bóòtì yẹn ló jẹ̀bi jù.

Lẹ́yìn náà ẹ ní kó rin 2000 mm, ẹ fi téépù irin wọ̀n ọ́n láti àmì kan sí èkejì, bíìtì ẹlẹ́nu ṣóńṣó lẹ máa fi ṣe àmì. Ká ní téépù sọ 1996.5. Ẹ mú 101.86, ẹ fi 2000 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ fi 1996.5 pín in, 102.04 ni nọ́ńbà tuntun. Ẹ má fi 100 mm ṣe ìwọ̀n yìí, àṣìṣe ojú yín nìkan á ti pọ̀ ju ohun tẹ́ ẹ ń wá lọ.

Èyí tó kẹ́yìn, ẹ gbẹ́ ihò kékeré mẹ́rin sórí plywood ní igun 2400 sí 1200. Ẹ wọn igun sí igun, méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ 2683 mm. Tí ọ̀kan bá gùn ju èkejì lọ, afárá yín ò tọ́: ẹ mú ìyàtọ̀ méjèèjì, ẹ fi 0.7 sọ ọ́ di púpọ̀ tí irin eléyín méjèèjì bá jìnnà síra tó mítà kan ààbọ̀, iye yẹn lẹ máa fi sún súwíìṣì apá kan. Tèmi kọ́kọ́ fi 4 mm jura wọn lọ, mo sún súwíìṣì ọ̀tún ní 2.8 mm, mo ní kó wá ilé padà, mo gbẹ́ ihò mẹ́rin mìíràn, téépù sọ 2683 níbí, ó sọ 2683 lọ́hùn-ún.